Ẹ̀fọ́ Tó Kù Lójú Omi

Ìyá ọkọ mi ló gbin ẹ̀fọ́ onígi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀fọ́ Ìyànà-Ìpájà sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ìkòsì. Ọ̀pá mẹ́ta péré ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, ewé rẹ̀ ti ń yọjú sí wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kí ọkọ mi gé e, kí n lè ríbi sá aṣọ.

Lọ́dún tí Odò Ògùn kún dé àdúgbò wa, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú mìíràn. Àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀ kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Èmi kò lọ. Orúnkún ìyá ọkọ mi kò gbé wọn dáadáa, mo sì rò pé omi náà á fà dọ̀la. Kò fà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ti gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, fóònù mi ti kú, gààrí ti tán. Ọjà Máìlì Twelve tí a ń fẹsẹ̀ rìn lọ wá jìnnà sí wa bí òkè òkun.

Lọ́jọ́ kẹrin, iyọ̀, epo díẹ̀ àti omi inú tánkì ló kù nílé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sunkún mọ́. Ó kàn ń wò mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi títí ó fi dé àyà mi, mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo já ẹ̀fọ́ náà.

"Bọ̀ ọ́ dáadáa o, ìyàwó mi," ni ìyá ọkọ mi wí. "Májèlé ni ní tútù."

Omi ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni gáàsì tán. Mo ṣí i, mo tì í, mo mi sílíńdà náà jìgìjìgì. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ọmọ mi ti ki ewé tútù sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Mo gbá a létí. Mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fà á jáde, mo tún gbá a. Ìyá ọkọ mi ló gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́," ni wọ́n wí. "Má fi na ọmọ." Wọ́n wá nawọ́ sí àga onígi tí wọ́n fi ń kírun, nítorí wọn ò lè kúnlẹ̀. "Fọ́ ìyẹn."

Mo fọ́ ọ. Inú agbada irin ni mo ti dáná sí i ní báńkóní, mo da omi àkọ́kọ́ nù, mo tún un bọ̀.

"Mọ́mì, ẹ wá jẹun."

"Mo gbààwẹ̀."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀fọ́ náà kò tó nǹkan, mo sì dákẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n tún gbààwẹ̀, èmi àti ọmọ mi sì jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹfà, wọn ò lè dìde jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìró mi juwọ́, mo ń ké títí ohùn mi fi há. Ọkùnrin kan tó ń wa yanrìn ní Àgbòyí ló tu ọkọ̀ rẹ̀ wá.

"Ẹ̀yin mélòó, Aunty?"

"Mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé."

Ó gbé wọn sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi gba omi sára ní ọsibítù. Wọn ò kú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn àgbà gbé ní Méńdè, wọn ò sì padà wá mọ́. Nígbà tí omi fi máa fà, ẹ̀fọ́ náà ti rà láti ìdí.

Ọkọ mi dé, a jọ lọ kí wọn ní Méńdè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo tọ́jú ìyá òun. Ìyá ọkọ mi ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí ààwẹ̀ ọjọ́ méjì yẹn, mo sì yára fa ọkọ mi dìde.