Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Mo Dì Pọ̀ Lórí Ọkọ Fúnmi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìlú Osi wa, ta ló tó mi ṣe ìwádìí?

Fúnmi ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wálé, ọmọ Iloffa, ó ní òun lòun fẹ́ fẹ́. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí n kọ́kọ́ wádìí.

Mo pe Ràímì, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé Iloffa. Mo kó gbogbo ẹ̀ dà lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé ọmọ yẹn níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣé ó níwà, ṣé ó sì mọ oko ro? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Àlàyé wẹ́wẹ́ kọ́ ni ti irú ọkùnrin bí èmi!

Ràímì ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ o, Bàbá Fúnmi, àmọ́..."

Àmọ́ kí ni? Mo ti pa fóònù! Mo ránṣẹ́ sí ilé wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá tọrọ ìyàwó mọ́.

Fúnmi sunkún títí. Ó ní, "Bàbá mi, èwo ni kò ní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo ní Ràímì ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Fúnmi ní níbi iṣẹ́ àwọn, àwọn máa ń kọ tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde. Ẹni tó bá di ohun mẹ́ta pọ̀ sínú àyẹ̀wò kan ṣoṣo, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà á kàn ní ó kùnà ni, kò ní sọ èyí tó kùnà. Mo bi í pé ṣé kọ̀ǹpútà ló bí i ni?

Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ gbè sẹ́yìn ẹ̀. Iyán tútù ni mo wá ń jẹ nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́! Mo bá tún pe Ràímì, mo bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Tíṣà ni."

"Ìwà ńkọ́?"

"Kó o wá kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀, ìwọ tó o máa ń pa fóònù mọ́ èèyàn létí!"

"Oko ńkọ́?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Há! Ebè tó kọ lóko bàbá ẹ̀, òkété gan-an á tijú àtisùn síbẹ̀."

Ṣé ebè lásán ni? Ta ló mọ ebè kọ tó mi ní Osi? Màá kọ́ ọ! Mo ránṣẹ́ pè wọ́n padà, wọ́n sì wá. Bí a ṣe jókòó, bàbá ọmọ náà bi mí pé ṣé Fúnmi bẹ̀rù Ọlọ́run, ṣé ó ń bọ̀wọ̀ fágbà, ṣé ó sì mọ ọbẹ̀ sè.

Mo yáa dìde. "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń bi í!"

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni yóò ráyè ìdí ààrò?

Ẹ gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ mi: ìbéèrè tí ẹ bá dì pọ̀, ìdáhùn ẹ̀ kì í yé ọlọ́gbọ́n. Irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ta ni ẹ lé lọ láìmọ ohun tó ṣe? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí, àmọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan o!