Okùn Ìwọ̀n Káfíńtà Àgùdà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìporò kọjá, tí ẹ ń rí ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bi í bóyá ó lè bá yín kan ilẹ̀kùn. Kò ní kàn án. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń wá káfíńtà, ẹ lọ sí Ìgbẹ̀in, ẹ ó rí òmíràn níbẹ̀. Ayùn tiwa ti dípẹtà, òòlù rẹ̀ ni mo fi ń pa ẹ̀kùrọ́.

Láwàlì ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí, Bàbá Bùsírá lèmi ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé yín bí n kò bá dárúkọ, nítorí náà ẹ foríjì mí. Ọlálẹ́yẹ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìporò àtijọ́ ni wọ́n bí i sí, kí ogun tó tú ilẹ̀ Ẹ̀gbá ká, kí gbogbo wa tó sá wá sábẹ́ àpáta. Òun àti ọmọ ilé kejì wọn, Olújìmí, ni wọ́n jọ ń dẹ òkété lọ́jọ́ tí ogun wọlé. Okùn kan náà ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, okùn kan náà ni wọ́n sì fi fà wọ́n dé èbúté.

Èbúté ni wọ́n ti já wọn sọ́tọ̀. Olújìmí wọ ọkọ̀ kan, Ọlálẹ́yẹ wọ òmíràn. Ọkọ̀ Olújìmí kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dá a dúró lójú òkun, wọ́n kó gbogbo ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, wọ́n ní wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú. Wọ́n fún un láṣọ, wọ́n kọ́ ọ níwèé, wọ́n sọ ọ́ ní Herbert. Ọkọ̀ tó gbé ọkọ mi kò pàdé ẹnikẹ́ni. Ó gúnlẹ̀ sí Bàyíà nílẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n sì tà á fún oníṣẹ́ igi kan. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, pàṣán lẹ́yìn, igi níwájú. Ibẹ̀ náà ló ti di Mùsùlùmí lọ́dọ̀ àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi ń jẹ́ Láwàlì. Òógùn ojú ara rẹ̀ ló fi ra ara rẹ̀ padà. Ẹ wá wo ayé o! Ẹnì kan gba òmìnira bí ẹní gba omi mu, ẹnì kejì fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ rà á. Kì í ṣe ọgbọ́n ló fà á, kì í sì í ṣe ìwà.

Àwọn méjèèjì padà wálé. Àwọn tó ti Sàró dé là ń pè ní Sàró, àwọn tó ti Bàyíà dé là ń pè ní Àgùdà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n torí pé wọ́n jọ ti òkè òkun dé, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Sàró gbọ́ èdè òyìnbó, òyìnbó ló sì wà lóde. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, Herbert ti ń ra òwú fún àwọn oníṣòwò Èkó, ó ti di àgbà ìjọ, ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Aké, ọmọ rẹ̀ ti di akọ̀wé. Àgùdà gbọ́ Potogí. Ta ló fẹ́ gbọ́ Potogí ní Aké? Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni Àgùdà gbé bọ̀ wálé: ó ń kan igi, ó ń mọlé, ó ń ránṣọ. Bí Sàró bá kọ́lé tán, Àgùdà á kan ilẹ̀kùn sí i, á kan fèrèsé sí i, á sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé wọn kò tiẹ̀ mọ orúkọ ọkọ mi. "Káfíńtà Àgùdà" ni wọ́n ń pè é.

Herbert fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, á bọ́ bàtà rẹ̀, á jókòó sórí ẹní. Á ní, "Ọlálẹ́yẹ!" Ọkọ mi náà á ní, "Jìmí!" Wọn á wá máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n tó bá padà dé Aké, bàtà á wọ ẹsẹ̀.

Ìyá Herbert ló mú pósí wọ ọ̀ràn wa. Ẹní làwa Ẹ̀gbá fi ń wé òkú, inú ilé la sì ń sin ín sí. Sàró kọ̀, wọ́n ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni, inú àpótí ni. Nígbà tí màmá náà kú, ọkọ mi fi ìrókò kan pósí tí gbogbo Aké ń wò. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sàró tó kú tí kì í ṣe òun ló kan tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á fi okùn wọn òkú náà látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n á ta kókó sí ìhín àti sí ọ̀hún, wọ́n á fi okùn náà ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó gbé e wá kò ní dárúkọ òkú, ọkọ mi kò sì ní bèèrè. Ó ní òun ò fẹ́ mọ ojú tí òun ń kan igi bò.

Àwọn ààfáà kò jẹ́ kó sinmi. "Láwàlì, ìwọ tó mọ̀ pé aṣọ funfun là ń fi wé òkú, tó mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún òkú gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ìwọ lò ń kan àpótí fún wọn?" Á ní, "Igi ni mo tà fún wọn, n kò ta ìrun mi." Ẹnu ọkọ mi mú nígbà náà.

Bùsírátù nìkan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rákò nínú èérún igi ni bàbá rẹ̀ ti ń sọ pé, "Èyí kò ní gbé pákó. Ohun tí òkun fi dù mí, ọmọ mi á gbà á." Nígbà tí Beatrice, ìyàwó Herbert, wá bẹ̀ wá pé kí ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó kọ́ ìwé àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́, inú ọkọ mi dùn bí ẹni tó jọba. Èmi ni mo ń kùn.

Mo ní, "Bàbá Bùsírá, ṣé ẹ ò rí i pé ohun tó bá wọlé Sàró kì í jáde mọ́?"

Ó ní, "Jẹ́ kó lọ. Á máa wá ní gbogbo Jímọ̀."

Ó sì ń wá lóòótọ́. Gbogbo Jímọ̀, tí bàbá rẹ̀ bá ti kírun dé, á bá a lórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí mo sè dè é, tó ń kó èérún igi sínú irungbọ̀n bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ ti hu ewú." Ẹ̀rín tí ọkùnrin náà ń rín lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ mọ́.

Ọdún kejì tí a lé ogun Dàhọ̀mì lẹ́ẹ̀kejì ni Theophilus, ọmọ Herbert tó jẹ́ akọ̀wé, ní òun fẹ́ fi Bùsírá ṣaya. Ìjọ ní àfi kó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi. Oúnjẹ tutù níwájú ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Herbert tó wá tọrọ ọmọ pé, "Jìmí, ẹ ti gba Sọ́ńdè rẹ̀. Ẹ fi Jímọ̀ sílẹ̀ fún mi. Kó ṣì máa jẹ́ ọmọ mi, n kò bèèrè ju ìyẹn lọ."

Herbert dì mọ́ ọn. "Ọlálẹ́yẹ, okùn kan náà ni wọ́n fi so èmi àti ìwọ. Ọmọ rẹ ni, títí ayé."

Ṣé ẹnu kọ́ là ń fi ń sọ ọ́? Kò pẹ́ sígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó tí Theophilus ní kò yẹ kí aya ọmọ ìjọ máa jókòó sáàárín àwọn ìmàle ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ayé máa wò ó. Bùsírá ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Bí Jímọ̀ bá sì dé, ọkọ mi á nu àpótí iṣẹ́ náà, á kó irinṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Èmi náà á se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ilé ló pọ̀ fún ọmọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nígbà òjò. Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí wọlé, alárù ni, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni Káfíńtà Àgùdà? Ilé Bàbá Herbert ni mo ti wá. Wọ́n ní kó yá, ìrọ̀lẹ́ òní ni." Ó ju okùn sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Herbert kan wà nílé wọn, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, tí ara rẹ̀ kò yá tipẹ́tipẹ́, arúgbó kùjọ́kùjọ́. A rò pé òun ló kú. Ọkọ mi ní, "Háà, màmá lọ. Ó tó àsìkò." Ó wá dúró, ojú rẹ̀ là. "Ìyá Bùsírá, Bùsírá á wà níbẹ̀! A máa rí i lónìí."

Ìrókò kan wà tó ti kó pamọ́ láti fi kan àpótí aṣọ fún ọmọ náà. Òun ló fà jáde. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní, "Jìmí á mọ̀ ọ́n lóore. Bóyá wọ́n á jẹ́ kí ọmọ máa wálé." Èmi ni mo di kókó kan okùn náà mú, ó na ìyókù sórí pákó. Mo tiẹ̀ ṣàwàdà. Mo ní, "Arúgbó yìí mà ga o! Ogbó kò tẹ̀ ẹ́ rárá." Àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló gbọ́ ẹ̀rín náà.

Ó kàn án, ó dán an, ó ń kun orin Bàyíà lábẹ́ imú. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun. Èmi di ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú ewé fún ọmọ mi. Àwọn alárù gbé pósí síwájú, àwa tẹ̀ lé e.

A kò tíì dé Aké tí a fi rí Herbert pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà méjì, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bó ṣe rí pósí, tó rí ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ láàárín ọ̀nà, tòun ti kóòtù rẹ̀.

Ọkọ mi sáré lọ dì í mú. "Jìmí, ẹ kú ọ̀fọ̀ màmá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Herbert ní, "Màmá wà nílé, Ọlálẹ́yẹ." Kò wò ó lójú. "Ọ̀dọ̀ káfíńtà Ìgbẹ̀in ni mo ní kí wọ́n gbé okùn náà lọ. Ìgbẹ̀in! Ilé rẹ làwa ń bọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í ju ikú ọmọ lu òbí rẹ̀. Àgbà ló ń wá, á jókòó, á bèèrè omi, á sọ ti oko, á sọ ti òjò, kó tó rọra débẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe nìyẹn. Okùn ti ṣáájú wọn dé, nítorí pé ọ̀dọ̀ Káfíńtà Àgùdà ni gbogbo ará ilé mọ̀ pé okùn ń lọ, alárù kò sì mọ̀ pé ó ní ọmọ nínú ilé náà. N kò mọ ibi tí ọ̀lẹ̀lẹ̀ já sí. Mo kígbe, "Yéè! Mo gbé o! Bùsírá!" Pósí ni ọkọ mi ń wò.

Ibà ni. Ó ti dá a dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, wọn kò ránṣẹ́ sí wa! Theophilus ní òun rò pé oògùn òyìnbó á ká a, kò fẹ́ dà wá láàmú. Kò fẹ́ dà wá láàmú o!

Ó wà lórí ibùsùn, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n wọ̀ fún un. Ọkọ mi ní, "Ẹ gbé e fún mi. Ẹ jẹ́ kí n wé e ní aṣọ funfun, kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìsí igi." Èmi náà sọ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyí, ilé bàbá obìnrin ni òkú obìnrin ń sùn. Theophilus ń sunkún, ó ń mi orí. Ó ní ọmọ ìjọ ni, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀. Ọkọ mi yíjú sí Herbert. Herbert ń wo ilẹ̀. Àgbà ìjọ ni, kí ló fẹ́ sọ?

Ọkọ mi kò jà. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ayùn. Ó da pósí náà dojú bolẹ̀, ó fọwọ́ wọn ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀ máa wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ìdí rẹ̀. Theophilus fẹ́ dá a dúró. Herbert ní, "Fi í sílẹ̀." Ó bọ́ kóòtù, ó kúnlẹ̀, ó di igi náà mú fún un kó má bàa mì. Kò sí fèrèsé kan nílé náà tí kì í ṣe ọkọ mi ló kàn án. Èyí tó gbẹ́ sí ìdí pósí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní, "Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣáà kan ilẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú rẹ̀, òun ló yí ojú rẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí a dé ibojì. Wọ́n ní òbí kì í wo sàréè ọmọ. Wọ́n mú wa padà wá sí Ìporò, nítorí náà a kò mọ̀ bóyá wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe yí i tàbí wọ́n tún un ṣe. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n ní. Àwa ńkọ́?

Theophilus ti wà ní Èkó báyìí, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Kí Ọlọ́run dá ọmọ tirẹ̀ sí fún un. Herbert ṣì máa ń wá. Á bọ́ bàtà, á jókòó ti ọkọ mi. Bí òun bá lọ tán, màá wọ yàrá.

Okùn náà wà lọ́dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Bí Jímọ̀ bá dé, mo máa ń nà án sórí ẹní, kókó kan síbi ìrọ̀rí, kókó kejì sísàlẹ̀, màá sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bí ọmọ mi ṣe ga tó nìyẹn.