Dókítà Òjò ní Thamesmead

Ẹ bá mi bi Ọlábímpé léèrè: ta ló sọ fún un pé ẹni tó kàwé nípa òjò lè dá òjò dúró? Èmi Medinat kìlọ̀ fún un títí, etí ikún ló kọ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, àwa méjèèjì là ń po tíì fún àlejò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Woolwich, ní London. Ó ti bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan rí pé kó gbé òun dé ẹnu ọ̀nà ilé nítorí ẹrù iṣu, ọkùnrin náà sì gbé e! Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé kò sí ohun tí ẹ̀bẹ̀ ò lè ṣe.

Lọ́sẹ̀ kan báyìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fọ́fọ́. Wọ́n ti Australia, Brazil àti South Africa wá ṣèpàdé lórí ojú ọjọ́ àti òkun ìhà gúúsù ayé. Wọ́n ya òjò sára ògiri, wọ́n ń fi igi tọ́ka sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ọlábímpé ń múra ìkómọ ọmọ Ayọ̀dèjì, ọmọkùnrin rẹ̀. Fúláàtì wọn ní Thamesmead há, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n fẹ́ lò. Ìyá ìyàwó, Mummy Ìyèbíyè, tó ń gbé ní Peckham, ti yínmú: "Àdúgbò tí kò ní rélùwéè! Bí òjò bá kan ọmọ yẹn pẹ́nrẹ́n, mo máa kó òun àti ìyá ẹ̀ lọ sílé mi ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Ọlábímpé gbádùn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbé e lọ.

Ló bá se mọ́ínmọ́ín, ó gbé e lọ bá Dókítà kan nínú àwọn onímọ̀ náà, òyìnbó Australia gígùn gbọọrọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ òjò ní Sátidé o."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. "Madam, ìhà gúúsù ayé ni iṣẹ́ wa mọ. Ìhà ibí kò kàn wá."

Ọlábímpé yíjú sí mi. "Ó ní ibí kì í ṣe àdúgbò òun. Bá mi bi í, ta ló ni Thamesmead?"

"Ọlábímpé, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n ń sọ, wọn kì í dá a dúró!"

"Kí wọ́n wọ bàálù láti òpin ayé wá sọ̀rọ̀ òjò, kí wọ́n má lè dá a dúró? Kí wá ni wọ́n ń jẹ bisikíìtì wa sí?"

Nígbà tí Dókítà sọ pé ọ̀dá ti ń da oko bàbá òun láàmú fún ọdún méjì, inú Ọlábímpé dùn. "Ẹ kúkú gbé tiwa lọ!" Dókítà bu mọ́ínmọ́ín jẹ, ojú rẹ̀ tàn, ó ní òun á gbìyànjú. Àwàdà òyìnbó! Ọlábímpé gbà á bí ẹ̀jẹ́. Ó pè é wá síbi ìkómọ, ó délé, ó ní kí Ayọ̀dèjì dá kánópì tí wọ́n yá padà. "Dókítà ti gba iṣẹ́."

Sátidé pé, oòrùn ràn. Ọlábímpé ń ṣakọ sí mi. Bí Alàgbà ìjọ wọn ṣe gbé ọmọ sókè báyìí, òjò dé. Kì í ṣe òjò London tó ń sẹ̀ wínníwínní o, àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni! Ìrẹsì di ọbẹ̀. Mummy Ìyèbíyè já ọmọ gbà, ó fi ìborùn bò ó, ó dorí kọ ibùdókọ̀. Òjò tó ní kò gbọdọ̀ kan ọmọ náà ló gbé e wọ̀! Ọlábímpé sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Ní ibùdókọ̀, Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kò wá abẹ́ òrùlé o. Ó dúró sójú òjò gbangba, ó lanu sókè, ó ń mu ún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ni wèrè yìí?" ni Mummy Ìyèbíyè bi wá.

"Dókítà òjò ni." Ọlábímpé bú sẹ́kún. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó dá a dúró, kẹ́ ẹ má bàa gbé ọmọ mi lọ. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

 Ẹ̀rín pa Mummy Ìyèbíyè, débi pé ọmọ jí. "Ẹ̀yin náà? Lánàá ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú lórí fóònù pé kó bá mi dá òjò dúró! Ta ló fẹ́ kí òjò ba ìkómọ ọmọ òun jẹ́? Ẹnu lásán ni mo fi ń halẹ̀."

"Ó dá a dúró?" ni mo bi í.

"Ó ní òun ti dá a dúró."

"Kò purọ́. Ìjẹ̀bú á ti gbẹ. Ẹ wo ibi tó darí ẹ̀ sí!"

Mummy Ìyèbíyè gbé ọmọ lé Ọlábímpé lọ́wọ́. "Ẹ gba ọmọ yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká padà lọ sọ ọ́ lórúkọ kí bọ́ọ̀sì tó dé."