Ìkòkò Ọbẹ̀ Tí Kò Sí Lórí Ààrò

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ayétòrò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. N kì í sábà sọ̀rọ̀ ara mi. Ṣùgbọ́n èyí kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa rí sí i.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, wọ́n sì ní kí n máa tẹ̀ lé ọ̀gá alábẹ̀wò kan káàkiri àwọn ilé ìwé etí òkun. Iṣẹ́ wa ni láti yan àwọn ọmọ tó lè ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa dé Ayétòrò láàárọ̀. Òun náà ló máa gbé wa padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n ti sọ fún mi pé ohun gbogbo ni wọ́n fi ṣe àjùmọ̀ní níbẹ̀, pé ẹja tí wọ́n pa àti aṣọ tí wọ́n hun, kò sí ẹni tó ń sọ pé tèmi ni. Ṣé mo gbà á gbọ́? Mo ní kí n fojú rí i ná.

Ìtàn kékeré kan wà nínú ìwé tí ọ̀gá gbé wá. Adé ti oko dé lọ́sàn-án. Ilẹ̀kùn ilé wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ẹnì kankan nílé. Ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé ka iná kò sí lórí ààrò mọ́. Wọ́n wá béèrè pé: kí ló ṣẹlẹ̀? Ìtàn náà kò sọ ọ́ síta. Ọmọ ni yóò kó ohun tó kà jọ, yóò sì fi rò ó. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni pé olè ti wọlé.

Bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, agogo kan dún lápá òkun. Mo rí i tí àwọn kan wo ara wọn, tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, Arábìnrin Rúùtù, tíṣà wọn, kọjá lẹ́bàá fèrèsé, ó sì na ọwọ́ sókè. Ta ló ń na ọwọ́ sí? Mo fi í sọ́kàn.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́jí, tó jókòó níwájú, ló kọ́kọ́ parí. Nígbà tí a gba ìwé wọn, háà! Gbogbo wọn ló kọ ohun kan náà: wọ́n ti gbé ìkòkò náà lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Kò sí ẹyọ ọmọ kan tó dárúkọ olè!

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó ní àrékérekè nìyẹn, pé ẹni tó kọ́kọ́ parí ló pín in fún àwọn yòókù. Ó wo Arábìnrin Rúùtù.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń pín ohun gbogbo yìí, ṣé ẹ tún ti pín ìdáhùn ni?”

“Ọ̀gá, ìdáhùn nìkan la ò tíì rí pín,” ni arábìnrin náà fi fèsì.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Mọ́jí kò bá jẹ́wọ́ kí ọkọ̀ wa tó ṣí, kò ní bá wọn ṣe ìdánwò náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló mọ ìwé jù nínú kíláàsì yẹn! Mọ́jí dúró, ó di ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn.

“Ọ̀gá, mi ò wo ìwé ẹnì kankan, mi ò sì fi tèmi han ẹnì kankan.”

Èmi náà fura sí i, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yé mi. Ẹni tó bá fẹ́ jí ìdáhùn, ṣé kò ní jí èyí tó tọ̀nà ni? Kí ni gbogbo kíláàsì ń jí àṣìṣe fún?

Mo padà sí ilé tí wọ́n fi wá wọ̀ sí kí n lọ mumi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn obìnrin tó ń dáná fún wa láàárọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo wo orí ààrò: eérú gbígbóná nìkan ni mo rí, kò sí ìkòkò.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe. Àpò mi ni mo sáré lọ wò! Ohun gbogbo pé nínú rẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí náà ni Arábìnrin Rúùtù ti wá pè mí, pé oúnjẹ ti délẹ̀, ṣé n kò gbọ́ agogo ni? Ó ní wọ́n ti gbé ọbẹ̀ wa mọ́ ti gbogbo ìlú lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun pa pọ̀. Mo bi í nípa ọwọ́ tó nà sókè láàárọ̀. Ó ní òun ń jẹ́ kí àwọn tó ń dáná mọ̀ pé òun ti gbọ́ agogo àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ń kéde pé iná ti jó. Ó wá bi mí pé kí ni mo rò pé ó jẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo gbà lọ.

Mo bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí n dán Mọ́jí nìkan wò, níṣojú rẹ̀. Ó wo omi, ó wo ọkọ̀, ó ní kí n ṣe kíá.

N kò fẹ́ ìtàn ẹja tàbí ti ọkọ̀, torí ọmọ etí òkun lè fi ohun tó mọ̀ nílé dáhùn ìyẹn láìkà á. Ìtàn Adé náà ni mo tún gbé fún un, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un: wọ́n ti já àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn. Mo ní kó fi ìka tọ́ka sí ibi tó bá ti rí ìdáhùn rẹ̀.

Ó kà á, ó sinmi, ó tún un kà.

“Tíṣà, kí ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn fún ní ìlú yẹn?”

Mo sọ fún un pé níbẹ̀, oníkálukú ló ń se ọbẹ̀ tirẹ̀, tó sì ń tọ́jú ẹrù tirẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó fi ìka lé àgádágodo, ó fi lé ààrò. Ó ní ẹnì kan ló jí i gbé nìyẹn, àti pé tí ìyá Adé bá dé, kó tó sọ ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ figbe ta. Ìyẹn kò tilẹ̀ sí lẹ́yìn ìwé ọ̀gá!

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹni tó gbé e, ṣé kò síbi tí wọ́n ti lè fún un lóúnjẹ ni?”

Awakọ̀ ń pè wá. Ọ̀gá ní kí Mọ́jí máa múra ìdánwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fún un ní máàkì kankan lórí ohun tó kọ́kọ́ kọ nípa ìtàn Adé, torí olè ni ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé.

Láti ọjọ́ náà, tí ọmọ bá dáhùn lódì sí ìwé, n kì í fa igi lé ìdáhùn náà kí n tó bi í pé, “Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Tí ó bá ti sọ ọ́ tán, èmi náà á wá wò ó bóyá ó wà nínú ìtàn, tàbí ilé wọn ló ti gbé e wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìdáhùn wo ni ọmọ kan ti fún yín rí tẹ́ ẹ fi fura sí i? Ẹ kọ ọ́ wá kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì mọ ohun tí mo lè fi dá Mọ́jí lóhùn nípa ẹni tó gbé ìkòkò náà, kó jọ̀wọ́ kọ ìyẹn mọ́ ọn.