Kọ́ńpìnnì Bàrúwà Dé Ọ́fíìsì Owó Orí

Abdulfatah Bàrúwà, wẹ́dà tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàárì ní Ìhunbọ, òun nìkan ló ń jó irin, òun nìkan náà ló ń gbá ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ò gbọ́ bẹ́ẹ̀. BÀRÚWÀ INTANÁṢỌ́NÀ KỌ́ŃPÌNNÌ ló wà níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó orí ewúrẹ́. Ará Pọ́bẹ̀ kan, láti òdìkejì bọ́dà, ló wá ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni Intanáṣọ́nà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà, ará Pọ́bẹ̀ ò yọjú mọ́, bẹntiróòlù sì di ohun à-ń-wá-kiri. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàárì, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n báńkì tó fẹ́ yá wọn lówó ní kí wẹ́dà mú ìwé owó orí wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá wẹ́dà mìíràn.

Bàrúwà gbé agbádá wọ̀, òun àti Jẹ̀mílátù ìyàwó rẹ̀ gun ọ̀kadà, ó di Ìlaròó. Ẹni tó ń lọ san owó orí, tó wá wọ agbádá! Èló lẹ fẹ́ kí wọ́n bù lé e?

Edith, akọ̀wé ọ́fíìsì náà, bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́ fún ara yín ni, àbí kọ́ńpìnnì ni? Fọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀ síra."

Bàrúwà wẹ̀yìn. Bẹ́ńṣì kún fọ́fọ́. Ó wúkọ́. "Kọ́ńpìnnì ni, màdáámù. Intanáṣọ́nà."

"Ó dáa. Ti kọ́ńpìnnì ò sí lọ́dọ̀ wa, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ lẹ ó gbà lọ. Ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ dání, kí akáùńtáǹtì yín sì ti yẹ ìṣirò yín wò. Ta tiẹ̀ ni àwọn dáríkítọ̀ yín?"

Òógùn bo Bàrúwà. "Èmi... àti ìyàwó mi."

Jẹ̀mílátù dìde fùú. "Èmi wo? Láti ọdún wo, Bàbá Rodiat? Owó oṣù mi dà?"

Ẹ̀rín bẹ́ lórí bẹ́ńṣì. Àgbàlagbà kan ní, "Ẹ san án fún un o, ọ̀gá kọ́ńpìnnì, títí kan ti àtẹ̀yìnwá!"

Bàrúwà ṣírò ó nínú: owó akáùńtáǹtì, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀. Èrè ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè gbé e. Ọjọ́ Ẹtì ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́."

"Intanáṣọ́nà wá ńkọ́?"

"Ìjọba ti tì í. Àbí ẹ ò gbọ́ nípa bọ́dà ni?"

Edith rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì na fọ́ọ̀mù sí i. Bàrúwà kọ ọ́, ó san iye tí wọ́n bù lé e, ìwé sì dé báńkì ṣáájú ọjọ́ Ẹtì. Àwọn obìnrin san àsansílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní òun fẹ́ ra ọ̀dà láti fi pa pátákó rẹ́. "Èló ni gálọ́ọ̀nù ọ̀dà?" ni Jẹ̀mílátù béèrè. "Bí wọ́n bá ṣí bọ́dà lọ́la ńkọ́, ṣé ẹ ó tún ra òmíràn ni?" Òótọ́ ọ̀rọ̀. Bàrúwà gé àpò sìmẹ́ńtì, ó fi wáyà so ó bo Intanáṣọ́nà, kò ná kọ́bọ̀. Ó fẹ́ bo Kọ́ńpìnnì náà, Jẹ̀mílátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o. Dáríkítọ̀ ò tíì gbowó oṣù."