Aṣọ Tí Ọkọ Aunty Mi Kò Lè Tà

Kí ọkọ Aunty mi tó kí ọ, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka méjì ra etí ẹ̀wù rẹ. “Òwú ibí yìí ti ń tú,” ni wọ́n á wí, kí wọ́n tó béèrè bóyá o sùn dáadáa.

Iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ nìyẹn, nílé iṣẹ́ àǹkárá kan tó ti kógbá sílé. Wọ́n á na aṣọ síwájú iná, wọ́n á máa wá òwú tó já àti àwọ̀ tó yà kúrò lójú ìlà. Nígbà tí wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé ìkẹ́rùsí fún aṣọ òkèèrè, Aunty mi kó gbogbo owó ọwọ́ wọn lé irú aṣọ náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń tà á ní Kétu.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà ní ìsọ̀ wọn, oníbàárà obìnrin kan ti ń yọ owó nígbà tí Daddy, bá a ṣe ń pe ọkọ Aunty mi, sọ fún un pé, “Ẹ dúró ná, Mummy. Òwú kan já níbí.”

“Ẹ jọ̀ọ́!” Aunty mi pariwo. “Ilé iṣẹ́ yẹn ti kú. Ẹ má pa ìsọ̀ tiwa náà!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Daddy, èwo ló wá dáa?”

Daddy yẹ gbogbo ọjà wò, wọ́n ń mi orí. Ni wọ́n bá nàka sí ìró òkè tí Aunty mi ró. “Èyí nìkan. Ilé iṣẹ́ wa ló ti jáde.”

“Irú ẹ̀ ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí! Èló ni?”

Aunty mi wo ọkọ wọn, wọ́n wo ọjà tí kò tà, wọ́n sì tú ìró òkè náà tà fún un. Wọ́n fa ọ̀kan yọ nínú aṣọ òkèèrè, wọ́n ró o.

Bá a ṣe ń lọ sílé, Daddy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn. “Ìyàwó mi, òwú ti já níbí náà.”

Aunty mi kàn ń yára rìn ni.