Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Mi Àgbà

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá sí ilé wa ní Uselu, nílùú Bìní, láti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Màmá ń fi òróró sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà nígbà tí wọ́n wọlé. Ó ti dojú rẹ̀ dé lórí àpò sìmẹ́ǹtì nínú àgbàlá, ó ń fi ọwọ́ kan yí táyà ẹ̀yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì mú ìyẹ́ adìẹ kán òróró sí i. Mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe ń dún, tíkí-tíkí-tíkí, títí tí á fi rọra dákẹ́. Kò dìde fún wọn. Ó ní kí n gbé àga wá, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá, ó yẹ kí n sọ ìdí tí ìyá àgbàlagbà fi ń gun kẹ̀kẹ́. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní láti wọ ọkọ̀ méjì lọ, kó wọ méjì bọ̀, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oṣù rẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kù fún un. Ó tì í lọ bá wẹ́dà kan nítòsí ọjà pé kó gé irin gbọọrọ tó wà láàárín, kó jó o mọ́ ìsàlẹ̀, kí ìró lè ráyè. Wẹ́dà náà, ọmọ Bìní, wò ó títí.

"Mama, na who go ride am?"

"Na your papa go ride am," ni Màmá wí. "Cut am."

Láti ọjọ́ náà ni owó ọkọ̀ ti ń wọ inú kóló igi kan lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí ó ń kó o jọ fún. Ṣọ́ọ̀bù kan wà létí títì tí ó fẹ́ gbà, kó lè ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ tirẹ̀. Ìyá Bìní tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣèlérí pé òun yóò fi í sílẹ̀ dè é títí Kérésìmesì. Màmá máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń fọ̀ kúrò lára aṣọ ìjọba láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ fọ aṣọ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò lu agogo fún mi."

Ìró pọ́ǹpù tí ó fi ń fẹ́ táyà ló ń jí mi láràárọ̀, ó ń mí bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Òórùn ọṣẹ, sítáàṣì àti èédú kì í kúrò lára Màmá, àní bó bá wẹ̀ tán. Á fi pín-ìn-nì di ìró rẹ̀ níbi orúnkún, á sì ní kí n ṣílẹ̀kùn ọgbà. Ọdún yẹn ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, kí ó tó bọ́ sí títì, á dúró, á wí sókè fún ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún." Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ agogo rẹ̀ tí ó ń jìnnà lọ.

Alága ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú náà. Òun nìkan ló ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú wọn, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa.

"Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a fẹ́ràn yín."

"Ẹ ṣeun." Ó yí táyà.

"Ìyá akọ̀wé báńkì, kó máa gun kẹ̀kẹ́ kiri ìlú onílùú! Àwọn Bìní ń fi gbogbo Yorùbá rẹ́rìn-ín."

"Èwo nínú wọn? Lójoojúmọ́ ni mò ń kí wọn lọ́nà, wọ́n sì ń dáhùn."

Ọ̀kan lára àwọn tó tẹ̀ lé e dá sí i. "Àgbàlagbà bíi tiyín, kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè sódò láàárín títì!"

"Mo dàgbà ju ìyá ẹ lọ. Ṣé òun ló rán ẹ sí mi?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi, akọ̀wé báńkì náà, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wò mí, mo pa ẹnu dé. Alága wá yí ohùn padà. Ó ní àwọn awakọ̀ gan-an kò tíì mọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbà, ewu pọ̀. Ó ní òun yóò máa gbé Màmá lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun yóò sì tọ́jú kẹ̀kẹ́ náà sí ilé òun, kí ọkàn rẹ̀ má baà máa fà sí i. Màmá ní rárá. Bàbá mi bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àgbàlá náà, tòun ti ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ń tì mí níbi iṣẹ́."

Màmá fi ìyẹ́ adìẹ náà sílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. "Ojú ń tì ọ́," ni ó wí, bí ẹni pé ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ máa gbé e lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀fẹ́ náà ti rí. Láàárọ̀, Màmá á dúró ní fàráńdà Alága títí ọkùnrin náà yóò fi jẹun tán. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ dúró lọ́jà Oliha, gbogbo wọn á dúró. Lọ́jọ́ mìíràn, ọkọ̀ ti lọ kí ó tó dé, á sì fi owó ara rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí ìyàwó Alága fi ní kí Màmá bá òun fọ agbádá kan. "Ṣebí ọ̀kan náà ni wá, Màmá." Lọ́sẹ̀ kejì, agbádá mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo aṣọ ilé náà ń wọlé wa ní gbogbo Sátidé, àti aṣọ ibùsùn. Ọṣẹ, sítáàṣì àti èédú, inú àpò Màmá ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Kóló igi náà dákẹ́. Nígbà tí mo bá sì gbé e mì, màá mọ̀ pé Màmá ti ń yọ owó níbẹ̀.

Mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti rí ọmọ tó jalè, mo ti rí èyí tó purọ́. Inú kò bí mi sí ọ̀kankan nínú wọn bí ó ti bí mi sí àwọn àgbà tó ń fi ẹ̀rín ṣe irú ìyẹn.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn Kérésìmesì, Màmá ń ṣan aṣọ ilé Alága lọ́wọ́, sítáàṣì ń hó lórí iná, nígbà tí ìyá Bìní náà wọlé. Kò jókòó. "Mama, I don wait tire," ni ó wí jẹ́jẹ́. Ẹlòmíràn ti san owó ṣọ́ọ̀bù. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún òun.

Nígbà tí ó lọ tán, Màmá kó àwọn aṣọ náà jáde nínú omi láì fún wọn, ó rọ́ wọn sínú ọpọ́n, ó gbé e rù. Mo sáré tẹ̀ lé e. Omi ń ṣàn sí i lọ́rùn, ó ń ro tó-tó-tó lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ilé Alága. Alága wà níta, ó ń nu ọkọ̀ rẹ̀. Màmá da gbogbo ẹrù náà sórí ọkọ̀, pàà.

"Kí lèyí, Màmá?"

"Aṣọ yín ni. Ẹ sá a."

"Ṣé orí yín dàrú ni? Lẹ́yìn gbogbo oore tí mo ṣe!"

"Oore wo? Ẹ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ tún gba ọwọ́ mi. Níbo ni kẹ̀kẹ́ mi wà?"

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilé Alága wọlé lórí kẹ̀kẹ́ náà, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì lẹ́yìn rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

"Alága, kẹ̀kẹ́ tó bà yín lórúkọ jẹ́ lábẹ́ mi, kò bà yín lórúkọ jẹ́ lábẹ́ mẹ́gáàdì yín?"

Màmá gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ mẹ́gáàdì. Ó gbé mi sẹ́yìn, níbi tó ń rùn fún kẹrosíìnì. "Di mí mú." Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró. "Ọwọ́ ọ̀tún," ni ó wí, ó sì bọ́ sí títì. Bàbá mi wà níwájú ilé nígbà tí a dé. Màmá ní, "Bí ojú bá ṣì ń tì ọ́, wọlé." Ó wọlé.

Ó tún kó owó jọ. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ó tó rí ṣọ́ọ̀bù onípáàkó kan gbà ní Ugbor, níbi tí igbó ṣì pọ̀ sí nígbà náà. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Iye ọdún tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà, òun ni ì bá fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí a ń sin ín, èmi náà ti di olùkọ́. Alága, tó ti hu ewú, dìde sọ̀rọ̀. Ó yìn ín pé akíkanjú ni, ó fi kẹ̀kẹ́ kó owó jọ, "ẹgbẹ́ wa sì dúró tì í gbágbá." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Ẹnì kan fà mí láṣọ kí n jókòó. Láti iwájú ni mo ti gbọ́ ohùn bàbá mi, kò yíjú padà: "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sílẹ̀."

Títí di òní, bí mo bá fẹ́ kọjá títì, ẹnu mi á wí jẹ́jẹ́ pé, "Ọwọ́ ọ̀tún." Ìbínú náà kò sì tíì kúrò lára mi. Mi ò fẹ́ kó kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá rí ẹni tó ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn kó lè kówó jọ, ẹ bi í léèrè ohun tó ń lé. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi kún un, ẹ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ gbé ojú náà síbòmíràn.